Orúnkún Ẹ̀gbọ́n Miao Nínú Aṣálẹ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá. Luntai, létí aṣálẹ̀.

A dé. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì tún gbà á níbẹ̀, ìdí mi ti kú. Ọgọ́rin yúàn ni yàrá yìí, omi gbígbóná wọn kò sì gbóná. Mo ti bá ọmọbìnrin tó wà níwájú jà. Ẹ̀gbọ́n Miao, tá a jọ wá, ló ń bá mi bẹ̀ ẹ́: "Jọ̀ọ́ má bínú, àgbàlagbà ni, inú ló ń run ún."

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín pé inú ń run mí? Omi tútù là ń sọ!"

Kẹ̀kẹ́ dé láìfarapa. Mo yọ ọ́ nínú páálí, mo tò ó, mo yí rìmù ẹ̀, mo fi ojú wọ̀n ọ́n. Kò yẹ̀ rárá. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró nídìí ẹ̀rọ agérin ní Baiyin, kò sẹ́ni tó lè fi iṣẹ́ irin tàn mí. Kẹ̀kẹ́ gidi ni. Weibing ọmọ mi ló rà á fún mi. Ó bó iye owó kúrò lára páálí, ṣùgbọ́n ó gbàgbé rìsíìtì sínú àpò kékeré tó wà lábẹ́ ìjókòó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà yúàn ó lé. Weibing! Tó máa ń ná aáyù títí ẹni tó ń tà á á fi fẹ́ sunkún!

Nínú oṣù kẹjọ, dókítà bi wá pé, "Ta ni ẹbí ẹ̀ nínú yín?" Mo ní èmi fúnra mi ni ẹbí ara mi. Ó ní kí n lọ jókòó síta. Ìyá Weibing àti Weibing wà nínú ibẹ̀ pẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọgbẹ́ inú ni. Ó di ọdún mọ́kàndínlógójì tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín ní ọsibítù rí. Mo ní ó dáa, ọgbẹ́ inú ni.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń sọ pé mo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ la aṣálẹ̀ yìí já, láti orí dé ìdí. Ọdún mọ́kàndínlógún lòun náà ti ń sọ pé àfi kí n gba orí òkú òun kọjá. Nínú oṣù kẹsàn-án mo tún dá a sọ, mo kàn fi ṣàwàdà ni. Ó ní, "Máa lọ." Kò bú mi. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ara mi tutù níbi tí mo jókòó sí.

Ọjọ́ kẹwàá.

Kìlómítà mẹ́rìnlélógójì. Oòrùn, afẹ́fẹ́ díẹ̀ látẹ̀yìn. Òwú lọ́tùn-ún, òwú lósì, àwọn ọkọ̀ akówùú ń fọn fèrè mọ́ wa lórí. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kó má baà di pé kò ṣẹlẹ̀ rí: ẹsẹ̀ mi ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Miao fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Tírélà ló wà fún iléeṣẹ́ wa títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní tiẹ̀, kẹ̀kẹ́ ò ju ohun tí èèyàn ń gbé lọ ra ẹ̀fọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló wá bá mi nílé, ó ní ó ti ń wu òun pẹ́ kí òun rí aṣálẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ lífíìtì lọ sí àjà kejì?"

Ó ní, "Èèyàn lè yí padà, Maolin."

Irọ́ ò yẹ ẹ́ rárá. Etí ẹ̀ méjèèjì pọ́n.

Nírọ̀lẹ́, a pàgọ́ tán, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Ó mú fóònù dání lọ. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn igbó: "Ó jẹ ìdajì búrẹ́dì. Rárá, kò bì. Mo ní kò bì, Ìyá Weibing, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀."

Lóòótọ́ ni, mi ò bì lónìí.

Ọjọ́ kejìlá.

A kọjá afárá. Àwọn igi etí odò ti pọ́n bí ìyeyè. Ẹ̀gbọ́n Miao ya fọ́tò mi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo kà á. Wọn ò ya mí tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi.

"Rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i."

"Kí ni mo fẹ́ máa rín? Ṣé ẹ ti yà mí tó báyìí?"

"Fọ́tò ìrántí ni, jàre." Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lẹ́nu ẹ̀ tán, ó yára fi fóònù bojú.

Mo ní, "Ìrántí ta ni?"

"Ìrántí... igi."

Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ronú nípa Geng tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa. Ó ti tó ogún ọdún tá a ti jọ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lábẹ́ igi, kò jẹ́ kí n dá ọmọ tí mo ti gbé padà rí. Ìgbà kan wà tá a tìtorí ẹ̀ já kọ́là aṣọ ara wa. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tá a gbéra, mo gbé ẹṣin mi sí ibi òmùgọ̀. Geng ní, "Dá a padà, dá a padà, kò sí wàhálà." Mo dá a padà. Mo jẹ ẹ́. Mo gòkè lọ, mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kí ìyàwó mi má gbọ́ mi.

Wọn ò mọ bí a ṣe ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, àwọn èèyàn mi. Ìwà rere ni wọ́n fi ń tú ara wọn fó.

Ọjọ́ kẹtàlá.

Kìlómítà mọ́kàndínlógún péré. Afẹ́fẹ́ kọjú sí wa. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn igi, kí Ẹ̀gbọ́n Miao má rí mi. Ó rí mi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó kàn ké, "Yéè, orúnkún mi! Maolin, jẹ́ ká dúró, orúnkún òsì yìí fẹ́ pa mí."

A dúró nítorí orúnkún ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan orúnkún tún dá a dúró. Ọ̀tún ló dì mú lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́ kẹrìnlá.

Ìjì. A ò kúrò nínú àgọ́. Iyanrìn nínú tíì, iyanrìn nínú eyín.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún.

Mi ò kọ nǹkan kan lánàá, mi ò lè di bírò mú.

Lónìí a dé ọ̀kan nínú àwọn ilé aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kọ́ sẹ́bàá ọ̀nà, tọkọtaya ń gbé inú ẹ̀, wọ́n ń fa omi kànga bomi rin àwọn igi tó dí iyanrìn mọ́ títì. Òùngbẹ ń gbẹ mí gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ síbi rọ́bà tó ń da omi sídìí igi, mo bu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ má mu ún!" Obìnrin kan ń sáré bọ̀, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Iyọ̀ ni! Igi nìkan ló ń mu ún! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

Ẹ̀gbọ́n Miao fò sókè. Èmi bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù méjì tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ ikú létí mi. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé bátìrì kú nílé wa báyìí, wọ́n á ní ó ti rẹ̀ ẹ́.

Caixia ni obìnrin náà ń jẹ́, Pu lọkọ ẹ̀, ará Sichuan ni wọ́n. Omi mímu tiwọn, ọkọ̀ ló ń gbé e wá, síbẹ̀ wọ́n rọ ìgò wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún. Caixia gbé nódù síwájú mi, ó wá tẹjú mọ́ mi.

"Bàbá, funfun ojú yín ti pọ́n o. Bí ojú bàbá tó bí mi ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, kó tó—"

"Ọgbẹ́ inú ni," Ẹ̀gbọ́n Miao ní, kíá.

Ó wo Ẹ̀gbọ́n Miao. Ó wò mí. Kò tó bí èèyàn ṣe ń mí lẹ́ẹ̀kan.

"Áà, ọgbẹ́ inú! Òun náà ló ṣe bàbá mi. Wọ́n ń mu ògì jéró, ara wọn yá, wọ́n ń sáré kiri báyìí." Ó yíjú sí iná, ó fọ́ ẹyin sínú abọ́ mi, ó tún fọ́ òmíràn, ó tún fọ́ òmíràn. Ẹyin mẹ́ta fún èmi nìkan. Pu ọkọ ẹ̀ jẹ nódù lásán.

Obìnrin tí mi ò rí rí láyé mi. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ó ti wọ ẹgbẹ́ wọn. Inú bí mi débi pé mo jẹ ẹyin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo sì bì wọ́n nígbà tó yá.

Ọjọ́ kọkàndínlógún. Tazhong.

Àárín aṣálẹ̀ gan-an nìyí. Òpó pẹtiróòlù, ilé oúnjẹ mélòó kan, ọkọ̀ epo lọ súà. Omi ìgò kan yúàn márùn-ún, olè ni wọ́n. Táyà ẹ̀yìn mi jò, mo yọ ọ́, mo rí ẹ̀gún, mo lẹ̀ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́fà ni ì bá gbà mí.

Oògùn mi wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Miao. Inú ìgò oògùn ọgbẹ́ inú ló wà, orúkọ ọgbẹ́ inú ló wà lára ìgò. Ṣùgbọ́n èmi ni mo lo ìgò oògùn yẹn tẹ́lẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọgbẹ́ inú gan-an ló ń ṣe mí, lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Hóró tìgbà yẹn fẹ̀ ju èyí lọ dáadáa. Ìyàwó mi jókòó síbì kan, ó ń da oògùn látinú ìgò kan sínú òmíràn, ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe ń rò ó, ó ń dùn mí ju inú lọ.

Ó pè mí. Ó ní kábéèjì ti dé ẹnu géètì, ó wọ́n ju ti èṣí lọ, àwọn èèyàn ti tò. Ó ní òun á dúró dè mí kí òun tó rà. Ọdọọdún la máa ń jà lórí kábéèjì kíkan yẹn, tá a máa ń fi iyọ̀ dì sínú ìkòkò de ìgbà òtútù. Ìkòkò méjì lòun máa ń fẹ́ dì. Èmi á ní ọ̀kan tó, Weibing ò gbé ilé mọ́, ọdún tuntun la máa ṣí i, oṣù kẹrin á dé a ò ní tíì jẹ ẹ́ tán. Á pè mí ní ahun. Á ní òun ló yẹ kí òun fẹ́ ẹlòmíràn. Ìjà yẹn wà lára ọdún wa.

Lónìí mo ń dúró kó bú mi. Ohun tó sọ ni pé, "Iye tó bá wù ẹ́ la máa dì."

Bí mo bá ní mo ti mọ̀, àfi kó sunkún lójú mi, kó sì máa sun ún lọ títí di òpin. Irọ́ yẹn ló fi ń dìde láàárọ̀, òun ló fi ń sè. Tí mo bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló máa kù fún un? Mo kàn ń bẹ Ọlọ́run ọ̀nà yìí pé kó jẹ́ kí n gùn ún parí. Kó lè sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọkọ òun la aṣálẹ̀ já pẹ̀lú ọgbẹ́ inú. Kí irọ́ ẹ̀ lè ní ẹsẹ̀.

Ọjọ́ kejìlélógún.

Lánàá ogójì kìlómítà, lónìí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òkìtì iyanrìn nìkan ló kù láti wò. Ní òwúrọ̀, omi tó wà nínú ìgò ti dì. Ìrora náà ti kúrò nínú ikùn, ó ti dé ẹ̀yìn, ó ti rí ilé kọ́.

Ọjọ́ kẹtàlélógún.

Kìlómítà mẹ́tàdínlógún, mo sì fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ lọ ìdajì ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n Miao ní ká dá ọkọ̀ dúró. Ó ní orúnkún òun. Mo sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́."

"Kí n sọ kí ni?"

"Ohun tí dókítà sọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Geng mọ̀ ọ́n. Àbúrò ìyàwó mi tí ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́jọ, tó gbé ẹyin wá, tó ń nu ojú, ó mọ̀ ọ́n. Ìyàwó Pu, nínú iyanrìn níbí, ó mọ̀ ọ́n! Èmi tí mo ni ikùn ńkọ́?"

"Ọgbẹ́ inú ni, Maolin."

Mo bú u. Mo pè é ní òpùrọ́, mo pè é ní awakọ̀ tí ò mọ̀nà, mo bú orúnkún ẹ̀ méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú pọ́ǹpù, ó bẹ̀rẹ̀ síbi táyà ẹ̀yìn mi, ó ń fẹ́ ẹ. Táyà náà le koko tẹ́lẹ̀.

Mo ní, "Ẹ máa bẹ́ ẹ."

"Kò ní bẹ́." Ó ń fẹ́ ẹ lọ. Omi ń kán láti imú ẹ̀ sórí rìmù. "Ó kúnlẹ̀ fún mi, ìyàwó ẹ. Nínú pálọ̀ mi. Mo ní kó dìde, kò dìde. Kí ni o fẹ́ kí n ṣe? Sọ fún mi, kí ni o fẹ́ kí n ṣe?"

Mi ò bi í mọ́. Mo gba pọ́ǹpù lọ́wọ́ ẹ̀, mo dín afẹ́fẹ́ táyà kù.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún.

Kìlómítà mẹ́fà. Ó ku ọgọ́fà ó lé díẹ̀. Mo ṣe ìṣirò ẹ̀: mẹ́fà lóòjọ́, ogún ọjọ́. Mi ò ní ogún ọjọ́ lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Mo fẹ́ kọ eléyìí dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba pé kí n máa sinmi láàárín.

Láàárọ̀ a ká àgọ́. Mo di kẹ̀kẹ́ mú, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kí n fi gun ìjókòó. Ẹsẹ̀ ò gòkè. Mo dúró díẹ̀, mo tún gbé e. Ẹsẹ̀ dé ìdajì, èmi àti kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà yúàn wó lulẹ̀. Mo fojú wá ibi tó yẹ̀ lára rìmù, kò sí. Kẹ̀kẹ́ ò ní àléébù kankan. Èmi ni.

Ẹ̀gbọ́n Miao ò sọ pé ká dá ọkọ̀ dúró. Ó jókòó tì mí sórí iyanrìn, ó ń wo títì. Èmi náà ni mo sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ dá ọkọ̀ dúró." Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ lè wúwo lẹ́nu èèyàn.

Ẹni tó dúró ń jẹ́ Ghopur, ará Hotan, ó ti já òwú tó gbé, ó ń padà lófìfo. Wọ́n tẹ́ kẹ̀kẹ́ méjèèjì sẹ́yìn ọkọ̀ láàárín òwú tó ṣẹ́ kù. Ó wò mí bí wọ́n ṣe gbé mi wọlé, ó bi Ẹ̀gbọ́n Miao pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Miao ní, "Orúnkún mi ni. Mi ò lè gùn ún mọ́. Ọ̀rẹ́ mi yìí ò fẹ́ fi mí sílẹ̀."

Ghopur ní, "Ọ̀rẹ́ gidi ni." Ó fún mi ní èso àjàrà gbígbẹ, ó sì ń wakọ̀ lọ.

Ọgọ́fà kìlómítà tí mo ti fi ọdún mọ́kàndínlógún fẹ́ gùn, a fi wákàtí kan àtààbọ̀ jókòó kọjá lórí ẹ̀. Mo ń wo àwọn òkúta kìlómítà bí wọ́n ṣe ń sá lọ. Mo fẹ́ kà wọ́n, mi ò lè bá wọn. Ó yá, Ẹ̀gbọ́n Miao sọ̀rọ̀, kò wò mí.

"Orúnkún mi ò dùn mí rí."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Àní lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣé o gbọ́? Kò dùn mí rí."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́."

Ó di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀ títí a fi dé. Gbogbo òótọ́ tí ẹnikẹ́ni máa sọ fún mi nìyẹn. Ó tó. Rárá, kò tó, ṣùgbọ́n òun náà nìyẹn.

Níbi tí aṣálẹ̀ parí sí, pátákó ńlá kan wà níbẹ̀. Ghopur já wa sílẹ̀. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ mi wá síwájú pátákó, wọ́n gbé mi tì í, mo di àga ìjókòó mú bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n Miao wò mí láti òkè délẹ̀, ó mi orí. Ó bu iyanrìn, ó dà á sí mi lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò, ó fi díẹ̀ pa mí ní iwájú orí. Ó já òwú tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ mi.

"Gbé apá sókè."

Mo gbé e sókè. Ó yà á kíá kí n má baà ṣubú. Ó fi í ránṣẹ́.

Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí Ìyá Weibing pè.

"Gbogbo ẹ̀ lo gùn?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Títí dé òpin?"

"Ṣé o ò rí pátákó ni?"

Mo gbọ́ tó fọn imú. Ó ní òtútù ti mú òun. Ó ní, "Mo mọ̀ pé wàá ṣe é. Ọgbẹ́ inú ò ní kí èèyàn má ṣe nǹkan." Lẹ́yìn ìyẹn ó ní wọ́n ti fẹ́ ta kábéèjì tán, òun ò lè dúró mọ́, ìkòkò mélòó ni kí òun dì?

Mo ní, "Méjì."

Ọ̀rọ̀ yẹn jáde tán ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo ti ṣe bíi Geng. Mo ti jẹ́ kó dá ọmọ padà. Ọdún mọ́kàndínlógójì, mi ò gba méjì rí. Kò sí ohùn mọ́ lẹ́nu ẹ̀, ó ń mí nìkan. Ó ti mọ̀ pé mo mọ̀, tàbí ó kù díẹ̀ kó mọ̀. Mo wá ọ̀rọ̀, mo wá ọ̀rọ̀, ọ̀kan ló wá.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n tó bá tún níyọ̀ bíi ti èṣí, màá da ìkòkò méjèèjì sí gọ́tà. Kábéèjì ẹ ò dùn. Ọwọ́ ìyá ẹ ló dáa, ìwọ kàn ń ba kábéèjì jẹ́ ni."

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. Ó pè mí ní ahun, ó pè mí ní aláìmoore, ó ní ta ló ti ń jẹ kábéèjì náà láti ọdún mọ́kàndínlógójì, ó ní bí òun bá gbọ́ ti ìyá òun ni, olùkọ́ ni òun ì bá fẹ́. Ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, kò gbọ̀n mọ́. Ẹ̀gbọ́n Miao yíjú sí aṣálẹ̀, ó ń tẹ táyà mi wò.

Láti oṣù kẹjọ, òní ni ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bú mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, kó má baà di pé kò ṣẹlẹ̀ rí.